Iṣẹ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Rán Mi Níwájú Ìjọba

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ọ̀mù-Àrán yóò sọ fún yín pé ẹnu mi mú. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà, kò sì sí ọ̀gá ilé-ìwé kan tí èmi àti òun kò jọ fa ọ̀rọ̀ rí. Bí ọlọ́kadà bá gbé mi kọjá ibi tí mo ní kó já mi sí, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Àwọn ọmọ mi a máa ní, Màmá, ẹ rọra. Èmi a sì ní kí wọ́n lọ máa rọra nílé ọkọ wọn. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹ má baà rò pé ojo ni mí, torí pé nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ìwà ojo ni mo hù.

Adití ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọdún mẹ́ta ló fi jù mí lọ. Ara rẹ̀ gbóná fún odindi ọ̀sẹ̀ kan nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjì, ìgbà tí ara náà yóò fi rọ̀, etí ti lọ. Láyé ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó sọ fún àwọn òbí wa pé ilé-ìwé wà níbì kan fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Èmi àti òun la jọ dá èdè tiwa sílẹ̀. Ọwọ́ ni, ojú ni, èjìká náà sì ń dá sí i. Bí ó bá fọwọ́ pa àgbọ̀n, bàbá wa ló ń wí, torí irùngbọ̀n rẹ̀. Bí ó bá fi ìka méjì gbá ẹ̀yìn ọwọ́, ó ní irọ́ ni. Ìyá wa a máa sọ pé mo ti ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ kí n tó fẹnu sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe di ẹnu ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí èèyàn lè rẹ́ jẹ. Bí ó bá rán mi sí ìyá wa, yóò tẹ̀lé mi débẹ̀, yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé mi lọ́fun bí mo ti ń sọ̀rọ̀. Kò gbọ́ ohun tí mo ń sọ, àmọ́ ó mọ bó ṣe gùn tó. Bí òun bá fọwọ́ sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, tí ọ̀fun mi wá mì díẹ̀ tó sì dákẹ́, èékánná ni yóò fi dá mi lóhùn.

Kì í kúkú ṣe irọ́ ni mò ń pa. Bí ìyá wa ṣe kọ́ mi nìyẹn. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ní kí n sọ fún ìyàwó bàbá wa kékeré pé ahun ni, pé ọmọ tirẹ̀ nìkan ló ń bu ẹran gidi fún, èmi a ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ní ọbẹ̀ yín dùn, ṣé ó kù?" Gbogbo ilé a rẹ́rìn-ín. Wọ́n a ní ọmọ yìí gbọ́n, ọmọ yìí lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n yìn mí, wọ́n yìn mí, títí mo fi gbà pé iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán mi wá sáyé nìyẹn, kí n máa bu omi tútù sí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kó tó dé etí àgbà. Ìgbà tí mo wọ girama ló jáwọ́ fífọwọ́ kàn mí lọ́fun. Mo rò pé ó ti sú u ni.

Ó kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó sì mọ̀ ọ́n ju àwọn tó gbọ́ràn lọ. Bíríkìlà kan láti Òkè-Ọdẹ, tó wá kọ́ kíláàsì sí ilé-ìwé ìlú wa, fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ogún ọdún. Àwọn bàbá wa jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, èmi ni mo ṣe ògbufọ̀, kò sì yọrí sí ibì kankan. Kò lọ́kọ títí dòní. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀ ná. Àwọn ará ìlú a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀: yàrá kan ṣoṣo létí títì ìlú wa, máṣíìnì méjì, dígí gígùn kan, àti àga onípákó tí èmi máa ń jókòó sí bí mo bá wá. Láti Ọ̀mù-Àrán, ọ̀kadà kì í pẹ́ gbé mi débẹ̀ bí ọ̀nà bá gbẹ. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹlẹ́dàá ẹni nìkan ló lè sọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ó pè mí lórí fídíò. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti ra fóònù ńlá fún wa nìyẹn. Bí ẹ bá rí ìyá arúgbó kan ní ọjà Ọ̀mù-Àrán tó gbé fóònù lé orí wọ́rọ̀bọ̀ tó ń tà, tó ń ju ọwọ́ sókè sódò, èmi ni. Lọ́jọ́ náà, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn yí fóònù sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa fa ìlà méjì gba ara wọn kọjá níbẹ̀, ọ̀dà náà sì ń ṣàn wálẹ̀, kò tíì gbẹ.

Mo gun ọ̀kadà, mo lọ. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ìjọba fẹ́ fẹ ojú ọ̀nà, kí wọ́n sì la gọ́tà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi sì ni gọ́tà náà yóò gbà. Ọkọ̀ tó gbé gbohùngbohùn lérí ti kéde ìpàdé káàkiri ìlú nígbà mẹ́ta. Wọ́n kéde ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà o. Ìlà kejì ló jókòó sí, ó wé gèlè. Wọ́n ka ìkéde náà tán, gbogbo ìjọ ṣe àmín, òun náà ṣe àmín. Ìpàdé àkọ́kọ́ ti kọjá, kò mọ̀. Ó ku ọ̀kan péré. Ẹni tó bá ní ẹjọ́, kó wá rò ó níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, katapílà ló kù.

Mo lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú ìwé ìpàdé náà, mo sì fi ìbínú bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, Màmá, ẹ má bínú, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Orí mi gbóná. Mo bi í pé ta ló dákẹ́, ṣé ẹni tí Ọlọ́run pa etí rẹ̀ dé ni, àbí ẹ̀yin tí ẹ kun ògiri oníṣọ́ọ̀bù nígbà tó wà nínú ilé, tí ẹ kò lè tọ́ ọ léjìká? Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní nínú ìwé tí wọ́n fún àwọn, kí àwọn kéde ni wọ́n wí, wọn kò wí pé kí àwọn fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ọmọ ènìyàn ni, ohun tí wọ́n kọ fún un ló ń kà. Ó kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sínú àwọn tó máa sọ̀rọ̀, ó sì ṣèlérí pé iwájú ni yóò jókòó.

Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Lọ́jọ́ ìpàdé, iwájú la wà. Àtẹ̀gùn mọ́kànlá ni wọ́n ń gùn kí wọ́n tó wọ inú gbọ̀ngàn tí a ti ṣe é, mo mọ̀ ọ́n torí orúnkún mi kà á. Ọkùnrin kan tó ń fi ọ̀pá méjì rìn, tí ilé rẹ̀ náà gba ọ̀dà pupa, jókòó síta lábẹ́ fèrèsé, ó gbé etí sókè. Mo ní ṣé kí a pe àwọn ọ̀dọ́ wá gbé e. Ó ní rárá o, wọ́n gbé òun lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìlú ń wo abẹ́ aṣọ òun. Ó ní ibi tí òun wà yìí, òun ti mọ́ ọn lára.

Ọ̀gá tó wá ṣe alága ìpàdé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo lè bí i lọ́mọ, tàbí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó kí àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi èdè Yorùbá tó mọ́ sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, kò fi gẹ̀ẹ́sì há wa lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kí gbogbo ilé dákẹ́, bí ẹni pé ariwo lè dí i lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó tún ìró ró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà le. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló nàka sí ọ̀gá yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ló nàka sí àwọn baálé tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ló sì yé mi. Lẹ́yìn náà ó dúró, ó ń wò mí, gbohùngbohùn sì wà lọ́wọ́ mi.

Mo wo iwájú. Mo rí àwọn àgbà tó mọ bàbá mi. Mo rí ọ̀gá ìjọba pẹ̀lú fìlà rẹ̀. Ṣé ẹ rí ẹnu mi tí mo ní ó mú? Ó kú. Ìyá mi ló ń sọ̀rọ̀ nínú orí mi pé ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Mo kúnlẹ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi kí ẹ̀yin bàbá wa, ó kí ìjọba, inú rẹ̀ dùn sí ìdàgbàsókè tó ń bọ̀. Mo ní ó bẹ̀ yín pé bí Ọlọ́run kò ti fún òun ní etí, kí ẹ fi ojú àánú wo ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù òun. Mo fi àdúrà kún un.

Gbogbo ilé ṣe àmín. Ojú ọ̀gá náà rọ̀, omijé fẹ́ bọ́ níbẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ màmá wọ òun lára gan-an. Ó ní iṣẹ́ ìlú kò ṣeé dá dúró nítorí ẹnì kan, ṣùgbọ́n òun yóò fi orúkọ màmá sínú ìwé àwọn aláìní, wọn yóò sì gbé àpò ìrẹsì wá fún un. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Àwọn tó wà nítòsí ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ń mi orí sí i.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ sì ni ojú ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń gbọ́. Ó wo ẹni tó rẹ́rìn-ín lápá ọ̀tún, ó wo ẹni tó rẹ́rìn-ín lápá òsì. Ó mọ ohun tí òun sọ, ó sì mọ̀ pé kò sí ẹni tí wọ́n máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún tí yóò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi. N kò lè wojú rẹ̀.

Wọ́n ti ń pe orúkọ ẹlòmíràn. Kò jókòó. Ó rìn wá síbi tí mo wà, níwájú gbogbo ènìyàn, ó fi ọwọ́ òsì di ọ̀fun mi mú. Kò fún mi lọ́rùn, ó kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, bí ìgbà èwe. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ọwọ́ náà ti débẹ̀ gbẹ̀yìn. Àwọn kan dìde, wọ́n rò pé ìjà ni. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún sọ fún mi pé kí n tún un sọ, àti pé díẹ̀díẹ̀ ni òun yóò máa sọ ọ́, kí n lè máa jẹ́ ẹ bí ó ti ń bọ̀.

Mo bẹ ọ̀gá pé kó jọ̀ọ́, a kò tíì parí. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní:

"Ó ní ẹ wá ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ dúró lábẹ́ igi kajú, ẹ mu omi inú ọ̀rá, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, ẹ lọ. Ó ní òun wà nínú ṣọ́ọ̀bù, òun ń ránṣọ, nígbà tí ẹ ń kun ògiri òun. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó wọlé nínú yín. Ó ní ewúrẹ́ pàápàá, bí wọ́n bá fẹ́ mú un lọ, wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ó ní omi kì í gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ òun. Ọdún méjìlélógún ni òun ti ń wò ó. Ọ̀dọ̀ igi kajú lódìkejì ló ń gbà, ibi afárá ló ti ń yà wọ ilé àwọn ènìyàn. Bí ẹ bá wó ṣọ́ọ̀bù òun tí ẹ la gọ́tà síbẹ̀, gọ́tà á gbẹ, ilé á kún fómi. Ó ní kí ẹ wá dúró ti òun lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, ẹ ó fojú ara yín rí i. Ó ní ẹ̀yin baálé mọ̀, ẹ kàn ń bẹ̀rù àlejò ni. Ó ní òun kò wá tọrọ ìrẹsì."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó ṣe àmín. Àwọn baálé ń wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wo gbogbo wọn yíká, ó rí bí ojú ṣe le, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà yẹn ló tó gbé ọwọ́ kúrò lọ́fun mi.

Ọ̀gá náà kò bínú. Ó bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Màmá, ṣé ohun tí wọ́n sọ lákọ̀ọ́kọ́ nìyí?"

Bí ilẹ̀ bá lanu, mo fẹ́ kó gbé mi mì. Tíṣà ni mí, mo ti na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́. Mo ní, "Ohun tí wọ́n sọ nìyí. Èmi ni mo yí i padà."

Láti ìta ni ẹnì kan ti sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ọkùnrin ọlọ́pàá méjì abẹ́ fèrèsé, àbí kí n wí pé ọkùnrin tó ń fọ̀pá méjì rìn, kí ẹ má baà rò pé agbófinró ni, ló ń pariwo pé òótọ́ ni obìnrin yẹn sọ, pé inú yàrá òun ni omi ọ̀dọ̀ igi kajú ń sùn lọ́dọọdún. Ọ̀gá bèèrè pé ta nìyẹn, kí ló dé tó fi wà níta. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó wo àtẹ̀gùn. Ó kó ìwé rẹ̀ jọ. Ó ní ìpàdé kò tíì parí, àwọn yóò tún un ṣe nígbà òjò, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọn yóò sì ti ṣe é.

Òjò rọ̀. Ẹnjiníà dé pẹ̀lú bàtà rọ́bà, ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ọmọ tó fẹ́ sọ nù lọ́jà, ó fa á láti ṣọ́ọ̀bù dé afárá, àwọn méjèèjì rẹ ṣìnkìn. Ọ̀dọ̀ igi kajú ni omi gbà. Wọ́n yí ìlà gọ́tà sí òdìkejì. Wọ́n gé àtíbàbà iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi díẹ̀ nítorí ojú ọ̀nà, ó sì jà sí i títí ó fi rẹ̀ ẹ́, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù dúró.

Ìpàdé tó tẹ̀lé e, pápá ilé-ìwé ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníwèé ọjọ́sí fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù wá, ó tọ́ ẹ̀gbọ́n mi léjìká, ó fi ìwé tó ya àwòrán sí hàn án. Wọ́n tún mú ọmọbìnrin kan wá láti Ìlọrin tó mọ èdè ọwọ́ tí wọ́n ń kọ́ ní ilé-ìwé adití. Ọmọ náà ń ju ọwọ́, ẹ̀gbọ́n mi ń wò ó. Kò yé e rárá, torí èdè tiwa yàtọ̀. Mo rò pé yóò pè mí. Kò pè mí. Ó ní kí ọmọ náà máa wá ní ọjọ́ Sátidé, kí ó máa kọ́ òun. Ní ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Ó dùn mí, n kò ní purọ́, ó dùn mí wọra.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ kí i. Mo jókòó sórí àga mi, òun ń ká etí aṣọ. Ṣàdédé ló dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì. Ó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú, ó ń fi í tẹ́ nǹkan bí ẹni ń fi símẹ́ńtì tẹ́ búlọ́ọ̀kù. Ogójì ọdún ó lé ni n kò ti rí àmì yẹn. Bíríkìlà Òkè-Ọdẹ ni. Ó wá bi mí pé lọ́jọ́ tí àwọn bàbá wa pe òun, kí ni mo sọ fún wọn.

Mo rántí ohun tó sọ lọ́jọ́ náà, ó yé mi bí òní. Ó ní òun fẹ́ ẹ, òun yóò bá a lọ sí Òkè-Ọdẹ, kí wọ́n má dí òun lọ́nà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà. Mo rò ó pé ọmọbìnrin wo ló ń la ẹnu bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn bàbá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, ó ní ohun tí ẹ̀yin bàbá bá wí ni òun yóò ṣe. Wọ́n yìn ín pé ọmọ rere ni. Wọ́n sì wí tiwọn: adití kò gbọdọ̀ jìnnà sílé.

Mo fọwọ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, n kò yọ ọ̀kan kúrò, n kò bu omi tútù sí i. Mo sunkún bí mo ti ń sọ ọ́. Òun kò sunkún. Ó wò mí títí mo fi parí.

Ó ní, "Lọ́jọ́ yẹn, n kò fọwọ́ kàn ọ́ lọ́fun. Mo ti fọkàn tán ọ."

Lẹ́yìn náà ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú, ó nà án sí mi pé kí n bá òun ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ojú òun kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Mo gbà á. Mo tì í, mo tì í, kò wọlé.